Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Fi Sí Ìyá Ẹlẹ́wù Eérú Lẹ́nu

Òórùn òróró máṣíìnì àti ti róòbù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa ní Kokomlemle, àdúgbò kan nílùú àwọn Ga, lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Òróró máṣíìnì jẹ́ tèmi, nítorí inú pálọ̀ yẹn ni mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn oníbàárà mi. Róòbù jẹ́ ti ìyá ọkọ mi. Ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní trotro ní Circle, awakọ̀ kò dúró dáadáa, ló bá ṣubú, eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Wọ́n fi nǹkan funfun líle dì í ní ọsibítù títí dé abẹ́ orúnkún, wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Obìnrin tí n kò rí kó jókòó rí, tó ti ń ta abọ́ tánganran àti ike nínú ọjà kí wọ́n tó bí mi, ló wá di ẹni tó ń nà gbalaja sórí àga gígùn, tó ń fi róòbù pa ẹ̀yìn àti orúnkún, tó ń bi mí léèrè gbogbo ohun tó bá dún níta. Ta ló ń kọjá? Kí ni wọ́n ń tà? Kí ló dé tí mo tún dìde?

Bí mo bá sọ fún ọ pé àánú rẹ̀ ló mú mi lọ ra eré Ṣáínà yẹn, irọ́ ni mo pa. Ìsinmi etí mi ni mo ń wá. Ọkùnrin kan tó ń ta ìbòrí fóònù ní Circle ló kó gbogbo apá eré náà sínú fíláàṣì kékeré kan fún mi, ó ní àwọn obìnrin ń jà sí i. N kò rò ó jìnnà. Èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Ga, ó gbọ́ Twi tó tó ná ọjà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kà. Bí mo ṣe di ẹnu fún àwọn ará Ṣáínà nìyẹn. N ó fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, n ó gbójú sókè, n ó kà á, n ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún un.

Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí òun àti bàbá rẹ̀ ń fi ọparun àti bébà ṣe agboòrùn ní ìlú kékeré kan tí òjò kì í dá, àti ọkùnrin gíga kan tí ìyá rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ìyá ọkùnrin náà kò fẹ́ ọmọ alágboòrùn fún ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ wọn kò dúró sí wa létí, ni ìyá ọkọ mi bá sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà di Alágboòrùn, ọkùnrin náà di Ọ̀pẹ nítorí gíga rẹ̀, ìyá ọkùnrin náà tí kì í bọ́ ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ eérú rẹ̀ sì di Ìyá Ẹlẹ́wù Eérú.

Kí n tó sọ ohun tí mo fi eré yẹn ṣe, ó yẹ kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ó dára. Ọ̀pẹ kò sọ fún Alágboòrùn pé òun fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ apá, ṣùgbọ́n yóò bó ọsàn, yóò fara balẹ̀ yọ gbogbo okùn funfun ara rẹ̀ kúrò, yóò sì tì í sí iwájú rẹ̀ láì wò ó lójú. Bàbá ọmọbìnrin náà, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, máa ń fi ariwo mu ọbẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́ pé ó ń sunkún. Ìró òjò lórí bébà tí wọ́n fi epo pa, o lè gbọ́ ọ kó o dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò sí ìhòòhò kankan níbẹ̀, ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ lè jọ wò ó kí ẹnikẹ́ni má sá lọ wo ìkòkò lórí iná.

Ṣùgbọ́n ó tún ní àléébù tó ń dùn mí nínú egungun. Ó gùn bí ọ̀nà Tamale. Ohun tí gbólóhùn kan ìbá parí, wọ́n á fi apá márùn-ún gbé e kiri. Alágboòrùn rí Ọ̀pẹ tó dì mọ́ obìnrin kan lójú pópó, àbúrò rẹ̀ sì ni obìnrin náà, kò béèrè, ọkùnrin náà kò sì sọ. Ọkùnrin mìíràn wà tí kò ní iṣẹ́ kankan láyé ju kó dúró sínú òjò kó máa wo fèrèsé ọmọbìnrin náà lọ. Nígbà tó tún yá, mọ́tò gbá Ọ̀pẹ, ó gbàgbé ẹni tó jẹ́. Mo ní, “Mà, wọ́n ti ń fi wá ṣeré o. Kí ló dé tí kò kàn sọ pé àbúrò òun ni?”

Ìyá ọkọ mi kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Ìwọ náà, ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ lò ń sọ?”

Nínú ilé yẹn, ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Lapaz, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun níbẹ̀, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ó ti fẹ́ ará Ga kan, onígbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni àwa, ìyá rẹ̀ sì ní òun kò ní tẹ ilẹ̀ ibi ìgbéyàwó náà. Kò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bímọ, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìsọmọlórúkọ, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ náà ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, màmá àgbà kò tíì fojú kàn án. Bí a bá dárúkọ Lapaz nínú ilé, ìyá ọkọ mi á béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Ọkọ mi, tí ọjà rírà máa ń gbé lọ sí Lomé nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ náà ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ èmi náà, torí èmi nìkan ni mò ń gbé ìyá rẹ̀ dìde, tí mò ń gbé e jókòó, tí mò ń gbé omi wíwẹ̀ fún un. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló yẹ kó máa ṣe díẹ̀ nínú èyí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a dé ibi tí Ìyá Ẹlẹ́wù Eérú fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ilé Alágboòrùn. Òjò ń rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán létí ẹ̀wù rẹ̀, ó ń wo àwọn agboòrùn tí wọ́n so kọ́ sókè. Obìnrin tó ṣe ipa yẹn mọ eré ṣe. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, omijé dé etí ojú rẹ̀, kò sì já bọ́. Ẹni tí kò bá lè ka ti ìsàlẹ̀ yóò búra pé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé, “Mo wá mú kóòtù ọmọ mi.” Ọmọbìnrin náà sì dáhùn pé, “Kò sí níbí.”

“Kí ló sọ?” Ìyá ọkọ mi ti gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí àga.

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì. N kò pète rẹ̀ ṣáájú, mo fẹ́ kó o gbà mí gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí bó ṣe ń retí, mo sì sọ ọ́. “Ó ní, ‘Ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ìgbéraga mi ló pọ̀ ju ìfẹ́ mi lọ. Bó o bá lè gbàgbé, jọ̀wọ́ gbàgbé.’”

Ó tẹjú mọ́ obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé ó kúnlẹ̀?”

“Wọn kì í kúnlẹ̀ bíi tiwa, Mà. Ojú ló fi kúnlẹ̀.”

“Ọmọ ńkọ́? Kí ló dá a lóhùn?”

“Ó ní ó ti tán, Mà. Ó ní kó wọlé.”

Ní àkókò yẹn gan-an, lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin náà ń pa ilẹ̀kùn dé. Ìyá ọkọ mi rí i. Mo sọ fún un pé torí òjò ni.

Mo ti yẹ ọkàn ara mi wò lọ́pọ̀ ìgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìfẹ́ rere: mo fẹ́ kí ìyá àti ọmọ rẹ́. Apá kejì ni pé mo fẹ́ kí ẹlòmíràn wá bá mi gbé omi wíwẹ̀. N kò lè sọ fún ọ pé èwo ló pọ̀ jù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó ta ọgbọ́n kan tó sì jẹ́.

Nígbà tí wọ́n tú nǹkan funfun náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó sì ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀. Ó ní, “Ìyàwó, mú mi lọ sí Lapaz.” Kò sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń lọ, n kò sì béèrè. Ó yẹ kí n fóònù. Mo mú fóònù lọ́wọ́ pàápàá, mo sì tún gbé e sínú báàgì, torí pé nínú eré yẹn kò sẹ́ni tó ń fóònù kó tó wá bẹ̀bẹ̀, mo sì ti ń rí ojú àbúrò ọkọ mi bí yóò ṣe yà á lẹ́nu. Nínú takisí, mo rí i tí ètè ìyá ọkọ mi ń mì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún òórùn irun àtọwọ́dá tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná. Àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ mi sì ń di irun ọ̀kan lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá, ìka rẹ̀ dúró nínú irun náà. Oníbàárà kejì dìde, ó fa àga síwájú, ó ní, “Maame, tena ase,” pé kí màmá jókòó. Ìyá ọkọ mi kò jókòó. Ó gbé ọ̀pá ti ògiri, ó di etí tábìlì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí kò tíì san.

“Ọmọ mi,” ló wí, “ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ìgbéraga mi ló pọ̀ ju ìfẹ́ mi lọ. Bó o bá lè gbàgbé, jọ̀wọ́ gbàgbé.”

Ọ̀rọ̀ mi ni, kò yọ ọ̀kan kúrò, kò fi ọ̀kan kún un. Gbogbo bó ṣe ń mi ètè nínú ọkọ̀, òun ló ń kọ́ sórí.

Àbúrò ọkọ mi wò ó títí. Ó ní, “Ẹ dìde, Mà.” Ó tún ní, “Ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yìí?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.”

“Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí. N kò gbọ́ ‘ìgbéraga mi’ lẹ́nu yín rí láyé mi. Bọ̀ọ̀dá pè mí láìpẹ́ yìí pé ó ti rẹ̀ wọ́n nílé, kí n wá gbé yín sọ́dọ̀. Ṣé òun ló ní kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ báyìí kí n lè gbà?”

Ìyá ọkọ mi mi orí. Ó wò mí. Ọmọ rẹ̀ náà wò mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù tí mo ní láti sọ, irú gbólóhùn tí mo máa ń bínú pé àwọn ará inú eré kì í sọ. Mo wo irun tó ti bọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. N kò sọ ọ́.

Oníbàárà tó ń dirun bá a bẹ̀bẹ̀, “Sister, mepa wo kyɛw.” Ní ìlú yìí, “mepa wo kyɛw”, mo bẹ̀ ọ́, ni a fi ń tọrọ omi, òun náà la fi ń sọ fún awakọ̀ pé a fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kò wọ́n níbí rárá. Màmá kò lè dìde mọ́. Èmi àti obìnrin tí wọ́n di irun rẹ̀ dé ìdajì la jọ gbé e sókè. Àbúrò ọkọ mi gbé omi ọ̀rá tútù sórí tábìlì fún wa, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbé e fún oníbàárà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó di ẹyọ kan, ó tú u, ó tún un dì. N kò rò pé ìyá rẹ̀ rí i, torí ìyá rẹ̀ ti kọjú síta.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, kò bú ọmọ rẹ̀, kò bú mi. Nígbà tó pẹ́ ló ní, “Bóyá n kò sọ ọ́ dáadáa. Ti Ẹlẹ́wù Eérú yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó wọlé.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún wú. Mo tan tẹlifíṣọ̀n fún un lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n pa á, pé wọ́n ti parí ìjà, kí ló tún kù? Kò béèrè ẹni tó ń kọjá níta mọ́. Ìsinmi etí tí mo ra wá dé, n kò sì lè fara dà á. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó lè bi mí pé kí ló jábọ́. Kò bi mí.

Mo wo ìyókù eré náà lórí fóònù mi, pẹ̀lú ìrètí pé Ìyá Ẹlẹ́wù Eérú yóò padà bẹ̀bẹ̀, kí irọ́ mi lè di òtítọ́ tó kàn ṣáájú àkókò rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. Ní apá tó gbẹ̀yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ti kọjá, a sì rí obìnrin náà tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ agboòrùn kan. Ta ló bẹ ta? Ọjọ́ wo ló bẹ̀ ẹ́? Wọ́n fò ó. Fún mi, àléébù tó tóbi jù nínú eré yẹn nìyẹn, ó ju gígùn rẹ̀ lọ, ó ju mọ́tò tó gbá Ọ̀pẹ lọ. Ó mọ bí wọ́n ti ń fẹ́ràn ènìyàn, débi bíbó ọsàn. Nígbà tó dé ibi ẹ̀bẹ̀, ó sá. Ṣùgbọ́n ta ni èmi láti bá a wí? Ó fi àyè sílẹ̀ lófìfo, èmi ni mo lọ ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́.

Mo lọ sí Lapaz ní èmi nìkan. Mo bá àbúrò ọkọ mi níbi tó ti ń gbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Àǹtí, èmi ni mo kọ́ wọn. Kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá.” Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fíláàṣì dé orí ilẹ̀kùn tí mo ní òjò ló jẹ́ kí wọ́n pa á dé.

“Fíìmù,” ló wí.

“Fíìmù Ṣáínà, Mà.”

Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Ó ní, “Wíwá ńkọ́? Ta ló ní kẹ́ ẹ wá?”

“Màmá fúnra wọn ni. N kò dá a lábàá. Wọ́n wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n ní kí n mú àwọn wá. Láti ilé ni wọ́n ti ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lẹ́nu kí wọ́n má baà ṣì í.”

Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Ó ní, “Ìyàwó, o ò bá jẹ́ kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ bú mi. N bá mọ̀ pé òun ló wá.”

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó dé sí Kokomlemle pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà wọ bàtà dúdú tó ń dán, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wò wọ́n láti orí àga. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kankan. Ó na ọwọ́, ọmọ náà lọ bá a, ó di apá rẹ̀ mú, ó fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń wo abọ́ bóyá ó sán.

Ó ní, “Kí lò ń fún ọmọ yìí jẹ? Kẹ́ńkẹ́ nìkan?”

“Ó ń jẹun, Mà.”

“Kò hàn lára rẹ̀. Ìyàwó, bu oúnjẹ wá. Bù ú kó pọ̀.”

Àbúrò ọkọ mi kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ohun tó ń retí láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ nìyẹn, kò sì jọ ohun tí mo kọ́ ìyá rẹ̀ sọ, àní díẹ̀ báyìí.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ tòrò lọ́jọ́ kan. Àbúrò ọkọ mi máa ń wá, ṣùgbọ́n kò sùn lọ́dọ̀ wa rí. Ìyá ọkọ mi kò tún dé ṣọ́ọ̀bù Lapaz mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdún tí ọmọ yẹn fi dàgbà láì mọ̀ ọ́n, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán wọn. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bí a ti ń fọ abọ́, àbúrò ọkọ mi bi mí pé, “Ṣé o ti sọ fún un pé obìnrin yẹn kò bẹ̀bẹ̀?”

Mo ní rárá.

Ó ní, “Ó rò pé ẹnìkan ti ṣe é ṣáájú òun. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Òun nìkan ló ṣe é.”

Mo ń gbé gbólóhùn yẹn kiri títí di òní. Ìyá ọkọ mi ṣì wà, ara rẹ̀ sì le. Bí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí bá wá ṣàròyé pé ọmọ àwọn kò yà sílé mọ́, á sọ fún wọn pé ará Ṣáínà kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì pàápàá lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ nínú òjò, kí ni tiwọn tí wọn ò lè lọ? Wọ́n á mi orí. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn lọ lóòótọ́. Èmi á wà nídìí máṣíìnì, n ó máa wo abẹ́rẹ́ mi.

Ó ti tó ìgbà mélòó tí mo ti la ẹnu láti sọ òtítọ́ fún ìyá ọkọ mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́, n ó gba Ẹlẹ́wù Eérú, ẹnì kan ṣoṣo tó bá a rìn dé Lapaz lọ́kàn, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo tún ń túmọ̀ nǹkan sí ibi tó rọ̀ mí lọ́rùn ni. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè rán fún ẹlòmíràn kó wọ̀, bó ti wù kó dán tó. Obìnrin tí kò mọ̀wé fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àjèjì. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ẹ̀bẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, n kò tíì bẹ̀ ẹ́.